Stephen Douglas àti ilẹ̀ Kansas
Aṣòfin Illinois ní Amẹ́ríkà ni Stephen Douglas, tí a bí ní 1813. Ní 1850, ó mú kí ìjọba àpapọ̀ fi ilẹ̀ ta ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ́rẹ fún ojú irin.

Kansas kò tíì di ìpínlẹ̀. Ní 1854, Douglas ṣe òfin pé kí àwọn olùgbé ibẹ̀ fi ìbò pinnu ọ̀rọ̀ ẹrú. A kò bi àwọn ẹrú fúnra wọn léèrè. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i: wọ́n ń pa ara wọn. Ní 1858, àwọn olówó ẹrú fi màgòmágó gbé ìwé òfin Kansas wá. Ààrẹ, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, gbè wọ́n lẹ́yìn. Douglas kọ̀ jálẹ̀.

Kansas di ìpínlẹ̀ ní oṣù kìíní 1861, láìsí ẹrú. Douglas kú ní oṣù kẹfà.