Aloha ʻOe: Orin Ìfẹ́ Tó Di Orin Ìlú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Hàwáì, erékùṣù tó wà láàrin òkun Pàsífíìkì, náà ní irú àṣà yìí. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1838, wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí ìdílé ìjòyè ní Honolulu. Lásìkò náà, àrùn ojú ń da Kīnaʻu láàmú, obìnrin tí agbára rẹ̀ tẹ̀lé ti ọba. Òun ló sọ ọmọ náà ní Liliʻu Loloku Walania Kamakaʻeha. Bí a bá tú orúkọ yìí palẹ̀, ohun tó ń tani, omijé, ìrora tó ń jóni àti ojú tó ń roni ló kún inú rẹ̀. Orúkọ ń ro ọmọ. Ọmọ yìí ló wá di Liliʻuokalani, ọbabìnrin tó jẹ kẹ́yìn ní Hàwáì. Òun náà ló kọ Aloha ʻOe, orin ìfẹ́ tí ayé mọ̀ mọ́ ilẹ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú àtìmọ́lé ló ti kọ orin náà, pé ìtẹ́ tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń fi sunkún. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Orin náà ti wà ní nǹkan bí ọdún 15 kí wọ́n tó lé e kúrò lórí ìtẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí orin ọ̀hún ṣe yí ìtumọ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn òbí tó bí i ló dàgbà sí. Àwọn ará Hàwáì ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní hānai, tí a fi ń fa ọmọ jòjòló lé ìdílé mìíràn lọ́wọ́, tí ọmọ náà yóò sì di ti ibẹ̀. Ìjòyè Pākī àti ìyàwó rẹ̀ Kōnia ló tọ́ ọ. Ní ilé ìwé àwọn ọmọ ìjòyè, tí àwọn míṣọ́nnárì ń darí, ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti orin, ó sì mọ̀ ọ́n kà lórí ìwé bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1866, Ọba Kamehameha Karùn-ún ní kí ó kọ orin orílẹ̀-èdè, ó sì kọ ọ́. Ní ọdún 1874, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Kalākaua jọba. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1877, òun ni wọ́n fi ṣe àrólé.

Ọdún kejì ni ìrìn-àjò náà wáyé. Liliʻuokalani àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gun ẹṣin lọ sí Maunawili, níbi tí ìdílé Boyd ní oko sí, lẹ́yìn òkè Koʻolau ní erékùṣù Oʻahu. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé, ó rí i bí Ọ̀gágun James Boyd àti ọmọbìnrin kan ṣe dì mọ́ra wọn láti dágbére. Ohun tó rí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè Pali lọ sí Honolulu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ẹnu. Charles Wilson tó wà pẹ̀lú wọn sọ pé ohùn náà jọ ti orin Amẹ́ríkà kan, The Rock Beside the Sea. Kò bá a jiyàn, ó gbà pé ó jọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi parí orin náà. Òjò orí òkè, àfonífojì àti òdòdó ló fi bo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn akéwì wọn. Ní ọdún 1883, ẹgbẹ́ onífèrè ọba gbé e lọ sí San Francisco. Ní ọdún 1884, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀.

Ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1891. Ó fẹ́ gbé òfin tuntun kalẹ̀ tí yóò dá agbára ọba padà, tí yóò sì dá ẹ̀tọ́ ìdìbò padà fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Èyí kò tẹ́ àwọn oníṣòwò àti olóko ìrèké lọ́rùn. Ní oṣù Kínní ọdún 1893, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà 162 sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi Boston. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìjọba. Ọbabìnrin fi ìtẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣàn, ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn pé òun kò gbà.

Ọdún 1895 làwọn ènìyàn rẹ̀ gbìyànjú láti dá a padà sípò, ṣùgbọ́n wọn kò borí. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó mọ̀ sí i tí kò sọ, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá kan lókè ní Ààfin ʻIolani fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ìyàwó Charles Wilson, ẹni tó bá a gun ẹṣin lọ́jọ́sí, ló bá a gbé yàrá náà. Ọmọ wọn ń gbé òdòdó wá láti inú ọgbà ọbabìnrin, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e ló sì ń sọ fún un ohun tó ń lọ nílùú. Kò sí dùùrù níbẹ̀. Ohùn ẹnu rẹ̀ ló gbára lé tó fi ń kọ orin sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ṣe àdàkọ Aloha ʻOe tó jáde lọ sí Chicago fún títẹ̀. Àdàkọ yìí ló jẹ́ kí ayé rò pé inú àtìmọ́lé ni wọ́n ti bí orin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nìyí. Aloha jẹ́ ìfẹ́, ó jẹ́ ìkíni, ó jẹ́ ìdágbére, ó tún jẹ́ àánú. ʻOe ni ìwọ. Nígbà tí wọ́n tú àkọlé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìdágbére nìkan ni wọ́n mú, wọ́n fi ìfẹ́ sílẹ̀. Onílẹ̀ tó ń gbọ́ orin náà kò ní láti yan ọ̀kan. Olólùfẹ́ méjì lè fi kí ara wọn lónìí, kí odindi ìlú fi kí ọba rẹ̀ lọ́la, kò ní ṣì í gbọ́.

Ní ọdún 1896, ìjọba tuntun ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé. Ẹni tí wọ́n bá ti nà rí torí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì kò nílò àlàyé lórí èyí. Ní ọdún 1898, Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà pátápátá. Liliʻuokalani kú lọ́jọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1917, kò sì gorí ìtẹ́ mọ́. Ọdún 1978 ni òfin tó dá èdè Hàwáì padà sípò èdè ìjọba.

Bí wọ́n bá ní kí n tú àkọlé orin náà sí Yorùbá, mo mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa gba ìfẹ́ àti ìdágbére pọ̀. Ṣùgbọ́n ó dàbọ̀ súnmọ́ ọn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó di àbọ̀ ni: ẹni tó ń lọ yóò padà wá. Ìrètí yẹn gan-an ni orin ọbabìnrin fi parí.