Frances Perkins, Ọ̀rẹ́ Àwọn Alágbàṣe
A bí Frances Perkins ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 1880. Ní 1911 ó fi ojú ara rẹ̀ rí iná ilé ìránṣọ kan ní New York. Ènìyàn 146 ni ó kú, nítorí a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti fi ara rẹ̀ jìn fún ọ̀ràn àwọn alágbàṣe. Ní 1933 ó di mínísítà ọ̀ràn iṣẹ́. Òfin 1938 tí ó jà fún pàṣẹ pé ọ̀yà wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín ní sẹ́ǹtì 25. Ẹni tí a bá sì rẹ́ jẹ lè gba ìlọ́po méjì ní kóòtù. Ṣùgbọ́n òfin náà fo àwọn alágbàṣe oko dá. Ó kú ní 1965. Kí àwa tí a ó jẹ́ olùkọ́ má ṣe gbàgbé: ẹni tí ó di ọ̀yà alágbàṣe mú, olè ni.