Alphonse Desjardins, Ẹni tí ó Gba Tálákà Lọ́wọ́ Sogúndogójì

Ẹni tí gbèsè bá ti wọ̀ lọ́rùn rí ni ó mọ bí oorun ti í dá lójú ẹni lóru. Tálákà a yá owó díẹ̀ láti fi ra irinṣẹ́ tàbí irúgbìn. Kí ó tó rí èrè iṣẹ́ rẹ̀, èlé ti ju ojú owó lọ, sogúndogójì sì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkùnrin tí a ó sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀, kò sì dákẹ́. Kì í ṣe àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Akọ̀wé ni, ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, baba ọmọ mẹ́wàá. Orúkọ rẹ̀ ni Alphonse Desjardins.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1854 ni a bí i ní ìlú Lévis, ní ẹkùn Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, létí odò ńlá Saint Lawrence. Èdè Faransé ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, Kátólíìkì sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá rẹ̀ bí, òun ni ó ṣe ìkẹjọ, ilé òtòṣì sì ni ilé wọn. Nígbà tí ó kàwé tán, ó di oníṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1879 ó gbé Dorimène Roy níyàwó. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin Quebec jáde, ṣùgbọ́n ní 1889 ìjọba gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1891 ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pé oṣù mélòó kan tí ó fi kógbá sílé. Nítorí náà òun fúnra rẹ̀ mọ bí ó ti í rí nígbà tí òwò ẹni bá dojú dé. Ní 1892 ó rí iṣẹ́ ní Ottawa, olú-ìlú Kánádà, níbi tí ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin sílẹ̀ ní èdè Faransé bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ó jókòó sí ní oṣù kẹrin ọdún 1897, nígbà tí aṣòfin kan, Michael Quinn, dìde láti bá àwọn agbowó èlé wí. Ó ròyìn ọkùnrin kan ní Montreal tí ó yá 150 dọ́là, tí ilé ẹjọ́ sì ní kí ó san 5,000 dọ́là èlé lórí rẹ̀. Àwọn yòókù gbọ́ ọ, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Akọ̀wé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kò lè gbàgbé. Ó ń wádìí ìdí tí ènìyàn fi ń sá tọ irú ayánilówó bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rí i pé báńkì kò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní ilẹ̀ tàbí ilé tí yóò fi dógò.

Ó kọ lẹ́tà sí Henry Wolff, ará Ìlú Ọba tí ó ti kọ ìwé nípa àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ Yúróòpù, àti sí àwọn aṣáájú mìíràn lọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó ṣe, ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1900, ó kó àwọn ará Lévis jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Caisse populaire, ìyẹn ni àpótí owó àwọn mẹ̀kúnnù.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò le. Dọ́là márùn-ún ni ìpín kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní í lẹ́ẹ̀kan lè máa san sẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó ní ìpín kan àti ẹni tí ó ní ogún, ohùn kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ní nínú ìpàdé. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni a lè yá lówó, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láàrin ara wọn ni yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò: ta ni ń tọrọ, kí ni yóò fi í ṣe, ǹjẹ́ ẹni tí ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ni? Àgbẹ̀ tí ń wá owó irúgbìn, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń wá owó irinṣẹ́, ìwà rere wọn ni ohun ìdógò wọn. Ìdí nìyí tí Desjardins kò fi fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan tayọ ìjọ kan, nítorí nínú ìjọ ni ènìyàn ti mọ ara wọn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ gba owó. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni owó tí ó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà, dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 40 ni.

Nínú ilé Desjardins ni iṣẹ́ náà ti ń lọ. Bí ó bá sì lọ sí Ottawa fún ọ̀pọ̀ oṣù, Dorimène ìyàwó rẹ̀ ni ó wá ń gba owó, tí ó ń kọ ìwé, tí ó sì ń tọ́jú ọmọ pẹ̀lú. Ewu ńlá wà níbẹ̀. Kò sí òfin ìjọba kankan tí ó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí owó àwọn ènìyàn bá ṣòfò, ọrùn àwọn méjèèjì ni yóò wọ̀. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó ń ro ohun tí yóò gbẹ̀yìn òun àti àwọn ọmọ bí ọkọ rẹ̀ bá kú. Ọkàn Desjardins pàápàá mì, ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Bégin ti Quebec gbà á níyànjú. Wọ́n fara dà á títí di oṣù kẹta ọdún 1906, nígbà tí ìjọba Quebec ṣe òfin tí ó dáàbò bo irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ní 1908 ó tún wá irú òfin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Kánádà, ìbò kan ṣoṣo ni ó sì mú kí Ilé Àgbà kọ̀ ọ́.

Kò jẹ́ kí èyí dá òun dúró. Nígbà ìsinmi àwọn aṣòfin, ó ń lọ láti ìjọ dé ìjọ, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn, kò sì gba owó iṣẹ́. Ó lé ní 130 ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ìjọ ni ó ṣe alága tàbí akọ̀wé wọn. Ní 1908 Monsignor Pierre Hévey pè é sí Manchester ní New Hampshire, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàrin àwọn ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ; ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1913 Póòpù Pius Kẹwàá fi oyè Gregory Mímọ́ Ńlá dá a lọ́lá.

Àìsàn dá a dúró sí ilé ní ọdún ìgbẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fi lẹ́tà bá àwọn ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1920. Dorimène di olùdámọ̀ràn àwọn ẹgbẹ́ náà títí tí òun náà fi kú ní 1932. Ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Desjardins ṣì wà ní Quebec títí di òní.

Ẹ̀yin ará, àwa náà mọ èsúsú, a sì mọ àjọ. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Yorùbá ní bí a ti í da owó jọ. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò tọ́jú owó ọlọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, tí yóò sì gbà kí ewu rẹ̀ wọ ilé tirẹ̀. Opó kan lè wà lórí ìjókòó kan náà pẹ̀lú wa ní Míísà òní, tí owó ìgbá ata kan péré yóò sọ di ẹni tí ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ó bá tọrọ lọ́wọ́ wa, ǹjẹ́ a ó jẹ́ kí sogúndogójì ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Kí Ọlọ́run fún Alphonse àti Dorimène ní ìsinmi ayérayé, kí ó sì fún wa ní ọkàn bíi tiwọn. Àmín.