Herbert Macaulay: Ayàwòrán Ilé Tó Di Alágbàwí Onílẹ̀

Ẹni tó bá gba títì Herbert Macaulay kọjá ní Èbúté-Mẹ́tta àti Yábàá yóò ti gbọ́ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ olóṣèlú. Ṣùgbọ́n kí Macaulay tó di olóṣèlú, ilẹ̀ wíwọ̀n àti àwòrán ilé yíyà ni iṣẹ́ tó fi ń jẹun. Iṣẹ́ yìí gan-an ló sì mú un wọ inú ìjà tó sọ ọ́ di olókìkí.

Ìlú Èkó ni a bí Ọláyínká Herbert Macaulay sí ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá iléèwé girama CMS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, ni bàbá rẹ̀. Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, sì ni ìyá rẹ̀.

Ní ọdún 1881, ó wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ilẹ̀ àti ilé. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá dé ibi pé ìjọba fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1890, láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lọ́dọ̀ G. D. Bellamy, awọ̀nlẹ̀ ìlú náà. Ó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó kọ́kọ́ kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà dé ní ọdún 1893, wọ́n fi í ṣe awọ̀nlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Àárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gún. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi ipò rẹ̀ wá ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 1898, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ láti máa dá iṣẹ́ ṣe. Lára àwọn ilé tó ya àwòrán wọn ni ilé Henry Carr ní Tinúbú àti ilé Doherty ní Campos. Henry Carr yìí kan náà ló di alátakò rẹ̀ pàtàkì nínú òṣèlú lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹni tó bá wọn ilẹ̀ ni yóò mọ ibi tí ààlà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Macaulay mọ ọ̀nà tí ìjọba ń gbà sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tí ilé ẹjọ́ sì ní ẹ̀tọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, kò tó ti ẹni tó ni ilẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Macaulay bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ẹbí àti ará ìlú ló ni ilẹ̀, pé olóyè kàn ń mójú tó o fún wọn ni, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba owó gbà-má-bìínú ní kíkún. £22,500 ni owó náà.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ní ọdún 1913, wọ́n rán Macaulay lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1928, ó tún lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde lórí Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí. Nítorí ìdájọ́ wọ̀nyí, kò lè du ipò ní ìgbìmọ̀ aṣòfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì borí ní Èkó.

Ní ọdún 1944, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tó ń bá ẹgbẹ́ rìn káàkiri láti tako òfin Gómìnà Richards. Àìsàn kọ lù ú ní Kánò, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946.

Ní ọdún 1979, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sí ara owó náírà kan. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun oúnjẹ nìkan. Ìmọ̀ tí ìjọba fún Macaulay kí ó lè máa wọn ilẹ̀ fún wọn, ni ó fi ran àwọn tó ni ilẹ̀ lọ́wọ́ láti gba ẹ̀tọ́ wọn.