James Watt: Ọkùnrin Tó Ń Gbowó Lórí Èédú Tí Wọn Ò Jó

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín.

Ṣé ẹ rántí bọ́ọ̀bù tó máa ń wà lókè orí wa nígbà tí a bá ń kàwé lálẹ́? Wọ́n kọ 60W sí i lára. Tíṣà fisíìsì sọ fún wa pé wáàtì ni W yẹn, a kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Àwa kan tiẹ̀ rò pé ẹni tó ń jẹ́ Watt ló ṣe iná mànàmáná. Rárá o! James Watt kú ní 1819, kò mọ ohun tó ń jẹ́ bọ́ọ̀bù. Ọdún 1882 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dábàá pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n agbára. Ìdí tí mo fi mú un wá síbí ni pé púpọ̀ nínú yín ti di ẹnjiníà àti ọ̀gá níbi iṣẹ́, ọwọ́ yín ni ìwé ríra ẹ̀rọ ti ń jáde. Ọkùnrin yìí mọ ohun kan nípa owó ẹ̀rọ tó yẹ kí gbogbo wa tún gbọ́.

ỌMỌ GREENOCK

Ọjọ́ 19 oṣù January 1736 ni wọ́n bí i ní Greenock, ìlú etí òkun kan ní Skọ́tíláǹdì. Kò lọ sí yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún kan péré ló fi kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò ìwọ̀n. Nígbà tó dé Glasgow, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ò fẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kò kọ́ṣẹ́ pé iye ọdún tó yẹ. Àfi ìgbà tí Yunifásítì Glasgow fún un ní yàrá kan ní 1757 kó máa bá wọn tún nǹkan ṣe.

Ibẹ̀ ló wà ní nǹkan bí 1763 tí wọ́n gbé àwòkọ́ṣe kékeré ẹ̀rọ Newcomen wá fún un pé kó tún un ṣe. Ẹ̀rọ ńlá yìí ni wọ́n fi ń fa omi kúrò nínú ihò kùsà láyé ìgbà náà. Ooru omi gbígbóná á wọ inú sìlíńdà, wọ́n á wá fọ́n omi tútù sí i kí ooru náà lè di omi padà. Inú sìlíńdà á ṣófo, afẹ́fẹ́ òde á sì ti písítìnnì wọlẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ní gbogbo ìgbà tó bá lọ tó bọ̀, sìlíńdà yẹn á tutù, wọ́n á tún máa dáná gbé e gbóná. Bí ẹni tó ń da omi tútù sínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tó tún ń wá igi kún iná!

Ní 1765, níbi tó ti ń rìn kiri ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọgbọ́n sọ sí i lọ́kàn: kí ló dé tí ooru náà ò lè lọ tutù nínú ohun mìíràn lọ́tọ̀, kí sìlíńdà máa gbóná títí? Ìyẹn nìkan ló gba èédú tó ju ìdajì lọ sílẹ̀.

ỌWỌ́ KAN Ò GBẸ́RÙ DÓRÍ

Ẹ má rò pé owó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọdún mọ́kànlá ló kọjá kí ẹ̀rọ ńlá àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún oníbàárà. Watt jẹ gbèsè. John Roebuck san £1,000 nínú gbèsè yẹn, ó sì gba ìdá méjì nínú mẹ́ta pátẹ́ǹtì tó jáde ní 1769. Síbẹ̀, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ ipa odò ni Watt fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Ọdún 1769 yẹn náà ni wọ́n fi ìpín kékeré lọ Matthew Boulton, oníléeṣẹ́ ńlá ní Birmingham: kó máa ṣe ẹ̀rọ náà fún ìpínlẹ̀ mẹ́ta péré. Boulton kọ̀. Ó ní ìnáwó irin-iṣẹ́ àti kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò lè pé òun bí kò bá ṣe pé gbogbo ayé lòun ń ṣe é fún. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa, ẹ̀yin ẹnjiníà. Ohun tí ọjà kékeré sọ di àdánù, ọjà ńlá lè sọ ọ́ di èrè.

Ní 1773 Roebuck wọko gbèsè, Watt sì pàdánù ìyàwó rẹ̀, Margaret, lọ́dún kan náà. Àwọn tí Roebuck jẹ lówó wo pátẹ́ǹtì náà, wọ́n ní kò jámọ́ nǹkan. Boulton gbà á dípò nǹkan bíi £1,200 tí Roebuck jẹ ẹ́. Watt kó lọ sí Birmingham ní 1774. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin fa ọjọ́ pátẹ́ǹtì náà gùn títí di 1800. John Wilkinson, alágbẹ̀dẹ irin ńlá, ló mọ bí wọ́n ṣe ń lu ihò sìlíńdà kó rí gbọ́n-ín-gbọ́n-ín, kí ooru má fi jò. Ní 1776, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

TA NI ÈÉDÚ WỌ́N FÚN?

Ibi tí mò ń bọ̀ rèé. Ẹ bi ara yín: bí ẹ̀rọ Watt bá dára ju ti Newcomen lọ, ṣé kò yẹ kí gbogbo ènìyàn rà á? Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń wa èédú gan-an, èédú wẹ́wẹ́ tí kò ṣeé tà wà nílẹ̀ jàǹtìrẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ẹ̀rọ Newcomen wọn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí wọn ò sì dàrú. Ní Cornwall ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà? Kò sí èédú níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti Wales, owó rẹ̀ sì ń jẹ wọ́n dé egungun. Ẹ̀rọ kan náà ni o, àmọ́ ibi tó wà ló sọ bóyá ó pé tàbí kò pé.

Watt àti Boulton kò wá ta ẹ̀rọ bí ẹní ta mọ́tò. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń san owó irin àti owó iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ wọn á fún un ní àwòrán, àwọn ẹ̀yà tó gba ọgbọ́n, àti ẹni tó máa tò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣírò iye èédú tí ẹ̀rọ Newcomen ì bá jó láti ṣe irú iṣẹ́ yẹn, wọ́n á yọ iye tí ti Watt jó kúrò, wọ́n á sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó yọ.

Ká ní ẹ̀rọ àtijọ́ ń jó èédú £90 lóṣù, ti Watt ń jó £30. £60 ló yọ. Watt á gba £20, £40 á wà lápò oníhò kùsà. Bí ẹ̀rọ ò bá gba èédú kankan là, Watt ò ní gba kọ́bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́, wọ́n so àpótí kan mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n fi àgádágodo tì í, òun ló ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ lọ tó bọ̀.

Nígbà tó gba pátẹ́ǹtì ẹ̀rọ tó lè yí kẹ̀kẹ́ ní 1781, àwọn ọlọ́tí àti ọlọ́lọ ń bọ̀ wá rà á. Ẹṣin ni àwọn yẹn ń lò, kò sí èédú àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi wé e. Watt bá wọn agbára ẹṣin: gbígbé ẹrù 33,000 pọ́n-ùn sókè ní ẹsẹ̀-bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ń gba £5 lọ́dún lórí ẹṣin kọ̀ọ̀kan, £6 ní Lọ́ńdọ̀nù. Họ́ọ̀sì páwà tó wà lára ẹ̀rọ ìlọta ìyá yín nìyẹn o!

OHUN TÍ ÌṢIRÒ Ò KÀ

N kò ní fi òdodo pamọ́. Nígbà tí owó bàbà já wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn ará Cornwall. Àwọn kan kọ̀, wọn ò san án mọ́. Ẹjọ́ gbòde, ó di 1799 kí Watt tó jàre pátápátá. Pátẹ́ǹtì rẹ̀ sì di ẹlòmíì lọ́wọ́: àfi ìgbà tó parí ní 1800 ni àwọn bíi Richard Trevithick tó ráyè gbé ẹ̀rọ alágbára ooru gíga jáde, èyí tí Watt ń bẹ̀rù.

Èyí tó burú jù ni pé àpótí alágádágodo yẹn mọ iye èédú, kò mọ iye èèyàn. Bàbá Watt wà lára àwọn tó ń ṣòwò ọjà tí iṣẹ́ ẹrú mú jáde lókè òkun. Ilé-iṣẹ́ Boulton àti Watt sì ta ẹ̀rọ fún àwọn oko ìrèké West Indies, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣẹrú. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n ń yọ kúrò nínú èrè.

Watt fẹ̀yìn tì ní 1800 pẹ̀lú ọrọ̀. Ó kú sílé rẹ̀ nítòsí Birmingham ní ọjọ́ 25 oṣù August 1819, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mò ń kọ èyí náà ti jẹ̀bi. Mo ra jẹnẹrétọ̀ tòkunbọ̀ kan rí nítorí owó rẹ̀ ò wọ́n. Kò pé oṣù mẹ́fà tí owó epo tó mu fi ju iye tí mo rà á lọ. Mo wo iye tí ọlọ́jà pè, mi ò wo iye tí ẹ̀rọ máa jẹ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀rọ wá síwájú yín láti fọwọ́ sí, ẹ bi wọ́n: kí ni yóò máa jẹ lójoojúmọ́, níbo ló máa ti ṣiṣẹ́, ta ló ń san owó rẹ̀, ta sì ni ìyà rẹ̀ máa jẹ tí a ò kà mọ́ ọn?

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní tí iná bá wà tí bọ́ọ̀bù sì tàn, ẹ wo W ara rẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n ju agbára. Ẹ kú àríyá o, a ó tún ríra lọ́dún tó ń bọ̀.