Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

Olùfẹ́ nínú Olúwa, bí ìjọ bá rán ọ lọ sí abúlé kan ní Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná àti omi ni ìwọ yóò kọ́kọ́ béèrè? Jẹ́ kí n rán ọ létí Anna Hinderer, ẹni tí a bí ní Hempnall, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1827.

Ní 1853, òun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà David Hinderer, wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì, n'Ìbàdàn. Kò bímọ, ṣùgbọ́n ó di ìyá fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó gbà sílé. Ní 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́, ọ̀nà Èkó sì dí. Owó tán, oúnjẹ wọ́n, ibà kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó ń ta ẹrù ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ náà lè rí jẹ. Ní 1869, àìlera lé wọn padà sílé. Daniel Olúbí, tí ó ti sìn lọ́dọ̀ wọn, ni ó gba iṣẹ́ náà. Anna kú ní 1870.

Arákùnrin, arábìnrin, ebi àwọn tí a rán an sí ni ó bá wọn pín. Ìwọ ńkọ́? Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó lè dúró. Àmín.