ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI ÀWỌN Ọ̀RẸ́ TÍ ÌWÉ FÚN UN

Ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń yan ọ̀rẹ́. Ẹlòmíràn rí tirẹ̀ nídìí iṣẹ́, ẹlòmíràn ní agbo ilé. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rẹ́ kan ń bẹ tí ó jẹ́ pé ìwé ni ó ń mú un wá: ẹni tí a kò tíì bá jẹun pọ̀ rí, tí ó sì mọ inú wa nítorí pé ó ti ka ohun tí a kọ. Bí a bá ń wá ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi èyí hàn, kí a má lọ jìnnà. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni.

Ìlú Òṣogùn ni a gbé bí i. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, nígbà tí ó ti wà nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Captain Henry Leeke jẹ́ olórí rẹ̀ gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, a sì kó wọn lọ sí Sàró. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ náà ní ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀. Kò rí ìyá, kò rí arábìnrin, kò sì mọ ẹni tí yóò ké pè. Ogun ti já gbogbo okùn tí ó so ó mọ́ ènìyàn.

Ìwé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí so okùn náà padà. Ní ọjọ́ kìíní tí Àjàyí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Bathurst, ó tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ra ìwé ábídí ti ara rẹ̀. Kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí ó dé Sàró tí ó fi ń ka Májẹ̀mú Titun. Ní Sàró náà ni ó ti rí Susan Thompson, ẹni tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bí a ti gba òun pàápàá, tí ó sì di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni ó fi ṣe aya. Ní 1827 orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay.

Ní oṣù kejì 1837 ó kọ ìtàn oko ẹrú rẹ̀ ránṣẹ́ sí William Jowett, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní London. Báyìí ni àwọn tí kò dé etíkun wa rí ṣe mọ ìbànújẹ́ ọmọ Òṣogùn. Ní 1841 òun àti James Schön, ọmọ Jámánì, jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn-àjò náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì padà bọ̀ láàyè, a sì tẹ ìwé ìrántí wọn pọ̀ ní 1842. Schön yìí ni ó sọ fún àwọn ará London pé ó yẹ kí a fi Crowther jẹ àlùfáà. A sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1843. Ní ọdún kan náà ni Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ kìíní jáde.

Ìwé náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Crowther a máa jókòó ti àwọn àgbà, ìmàle àti abọ̀rìṣà, a máa tẹ́tí sí wọn, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó bọ́ lẹ́nu wọn sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní 1846, ó tún rí ìyá tí ó bí i lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìyá Samuel inú Bíbélì.

Nígbà tí Crowther tún ìwé ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ ní 1852, òyìnbó kan tí à ń pè ní Vidal ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Vidal kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Nínú ìwé ni ó ti pàdé òwe àwọn bàbá wa, ó sì fẹ́ràn wọn. Ó di bíṣọ́ọ̀bù Sàró, ó sì wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta ní 1854. Bí ó ti ń padà lọ ni ó kú lórí òkun. Ṣé a rí i pé òwe wa ti sọ ọ́ di ojúlùmọ̀ kí ó tó dé?

Ọ̀rẹ́ tí ó tóbi jù lọ ni Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. láti 1841 títí di 1872. Òkun ni ó wà láàárín wọn, lẹ́tà ni ó sì so wọ́n pọ̀. Venn ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà láti jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ tí a fi í jẹ ẹ́ ní Canterbury, ní oṣù kẹfà 1864, Leeke tí ó gbà á nínú ọkọ̀ ẹrú jókòó níbẹ̀. Opó Bíṣọ́ọ̀bù Weeks, tí ó kọ́ ọ ní ìwé ní èwe rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ní 1862 Thomas King, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú ìtumọ̀ Bíbélì, kú. Ní ọdún kan náà iná jó ilé Crowther ní Èkó pẹ̀lú àwọn ìwé tí ó ti fi ọwọ́ kọ. Ní 1873 Venn kú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ó dé lẹ́yìn náà kò bá a kọ lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún. Ní ìgbìmọ̀ Onitsha ní 1890, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀, wọn kò sì bọ̀wọ̀ fún ewú orí bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó, òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni àwa rí fà yọ. Èkíní ni pé a kì í jogún ọ̀rẹ́: ẹni tí ó jókòó sí àga Venn kò jókòó sí ipò rẹ̀ nínú ọkàn Crowther. Èkejì ni pé a lè gba oyè lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n a kò lè gba òǹkàwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 ṣì ń wá ojúlùmọ̀ fún un nínú ilé tí kò wọ̀ rí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lẹ́tà tí ẹ kò tíì dáhùn ń bẹ nínú àpótí yín. Ẹ dáhùn rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣì wà láàyè.